Alága Ń Ké Lóru

"Kí ni ológbò yìí ń fẹ́ gan-an?"

Bàbá ló béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Ó wo Ìyá àgbà, ó wo Jùwọ́nlọ́lá, ó wo Ìdáraolúwa. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ púpurú tó ń fi ọ̀bẹ fá èéfín dúdú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ìdára bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà ilé-ìwé rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Jùwọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbójú sókè bí ẹni pé ara páànù ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Ológbò tí wọ́n ń sọ náà kò dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó nà gbalaja lórí àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń sùn. Alága ni orúkọ rẹ̀. Jùwọ́n ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá láti Ìrèlè ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú páálí bísíkíìtì, lórí ọ̀kadà, nígbà tí eku fẹ́ jẹ ilé wọn ní Erinje run. Iṣẹ́ púpurú ni Ìyá àgbà ń ṣe: á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, á gún un, á sù ú roboto, á sì tò ó sórí àjà tó ga lókè iná kó lè gbẹ. Kí Alága tó dé, eku ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí eku tó tún gbójúgbóyà. Jùwọ́n fẹ́ràn ológbò náà débi pé ó máa ń ka iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ sí i létí, Alága á sì máa ṣẹ́jú bí ẹni tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, Alága ń ké lóru. Kì í ṣe igbe kékeré. Igbe ọ̀hún máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹkún ọmọ ọwọ́, á gùn, á lọ́, á wá parí bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò rí epo bá ń ṣí.

Charity, ìyá Tómi, aládùúgbò wọn, ti na ọrùn kọjá ọgbà. "Bàbá Jùwọ́n, ẹ bá wa bá ẹran yín sọ̀rọ̀ o! Ológbò kì í ké báyìí lásán. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lóru?"

"Mo ti gbọ́, Ìyá Tómi," ni Bàbá fèsì. Alàgbà ni ní ìjọ Aládùúrà wọn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá pé kí wọ́n máa ka ológbò rẹ̀ kún àwọn ohun tí a ń gbàdúrà lé lórí. Ó yọ pákò lẹ́nu, ó sì kéde kí Charity lè gbọ́ ọ dáadáa: "Títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá tún ké mọ́jú ọjọ́ náà, Ambrose ni yóò wá gbé e."

Ambrose ni ọ̀rẹ́ Bàbá tó ń dẹ pàkúté, tó sì ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì tó lọ sí Okitipupa. Gbogbo ìgbà tó bá yà sílé wọn ló máa ń fọwọ́ tẹ Alága lẹ́yìn bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà, á ní, "Alága, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ ṣáà máa sanra lọ." Ó ti ṣèlérí itan ọ̀yà kan fún Bàbá bí ó bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Ká má parọ́, Jùwọ́n mọ nǹkan kan tó yẹ kó sọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ní alẹ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyẹn bí oṣù kan sẹ́yìn, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ibi ààrò mọ́ Alága síta. Alága wá sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó ké. Kí Bàbá má baà jí, Jùwọ́n ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di agogo méjìlá ààbọ̀, Alága á dé, á ké, á gba tirẹ̀, á lọ. Lójú Jùwọ́n, ẹja náà ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí kò yé e ni pé lẹ́yìn tó bá ti pa á lẹ́nu mọ́ tán, igbe náà tún máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ibòmíràn nínú ọgbà.

Bó ṣe jẹ́ ọmọ tí kì í lè sùn bí ìbéèrè kan bá wà tí kò tíì rí ojútùú rẹ̀, ó ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ láti máa kọ ìrìn Alága sí. Ní òru ọjọ́ Ajé yẹn, ó jáde, ó lọ lúgọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi pẹ̀lú fóònù àti aṣọ òtútù.

Agogo méjìlá ààbọ̀, Alága dé abẹ́ fèrèsé Jùwọ́n. Ó ké. Fèrèsé kò ṣí. Ó tún ké, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé ọ́fíìsì tó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó sú u, ó jókòó, ó ń lá ọwọ́, ó ń fi í nu ojú títí di agogo méjì. Ó wá dìde, ó gba abẹ́ fèrèsé Ìdára lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò tíì ké lẹ́ẹ̀mejì tí fèrèsé fi ṣí díẹ̀, tí ọwọ́ kékeré kan yọ jáde pẹ̀lú agolo sàdíìnì.

"Ìdára!"

"Yéè, Jésù!" Agolo já bọ́. "Bọ̀dá Jùwọ́n! Kí lẹ ń ṣe níta?"

"Kí ni ọwọ́ tìrẹ ń ṣe níta?"

Ọmọ ọdún méjìlá ni Ìdára, kì í sì í pẹ́ kó tó rí èsì. Ṣùgbọ́n dípò èsì, ó gun fèrèsé jáde, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà nígbà tí ìlẹ̀kùn yàrá Ìyá àgbà dún kẹ̀ẹ̀. Ìyá àgbà ló jáde, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ kan, iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì.

"Alága mi dà? Wá gba tìrẹ kíákíá kí Philemon ọmọ mi má baà..."

Iná tọ́ọ̀ṣì bọ́ sójú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá àgbà wò wọ́n. Ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀, tí púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wà nínú rẹ̀.

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni," ló sọ.

"Ní agogo mẹ́ta òru, Ìyá àgbà?"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ìgbà tí màá jẹun ni?"

Alága kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ki orí bọ inú àwo.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibi ààrò, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún ara wọn. Ìdára ti ń fún un láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àánú ló ní ó ń ṣe òun. Ìyá àgbà ní bóyá ẹran ọ̀hún kò yó lọ́sàn-án, àti pé òun ò fẹ́ kí ọmọ òun pàdánù oorun. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni.

"Ẹ wò ó," ni Jùwọ́n wí, ojú rẹ̀ là bí ẹni tó yanjú ìṣirò, "ebi kọ́ ló ń pa á. Àìsàn kọ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe! Ó ń kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá, wọ́n sì ń ṣí i fún un. Ta ni kò ní máa kàn án?"

"Ká lọ sọ fún Bàbá," ni Ìdára wí.

Wọ́n rántí ohùn Bàbá. Wọ́n rántí pé gbogbo wọn ló dúró níbẹ̀ ní àárọ̀, tí wọ́n pa ẹnu mọ́.

"Ká kọ́kọ́ tún un ṣe," ni Jùwọ́n wí. "Bó bá ti dákẹ́, kí la tún ń sọ?"

Ìyẹn ni àṣìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n lákòókò náà, ó dà bí ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Míìsì Judith, olùkọ́ bàyọ́lọ́jì, lẹ́yìn tí wọ́n jáde kíláàsì. Ó ṣe bí ẹni pé ológbò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń sọ. Míìsì Judith fetí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ológbò máa ń sùn lọ́sàn-án, ó sì máa ń fẹ́ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ìdájí. Bí ẹ ò bá bá a ṣeré, á wá ẹni tó máa bá a ṣe é. Kí ó bá a sáré dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fún un lóúnjẹ gan-an nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ké, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lóhùn. Àmọ́ ní òru àkọ́kọ́, á ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dá a lóhùn nígbà náà, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa pariwo sí i nìyẹn."

"Bó bá wá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá ńkọ́, Míìsì?"

"Bí kò bá jẹun, tàbí tó ń tiraka láti tọ̀ tí kò lè tọ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́, Míìsì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jùwọ́n so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, ó sì ń fà á kiri ẹ̀yìnkùlé. Alága kọ́kọ́ wò ó bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé tó ń ṣe wèrè. Nígbà tó yá, ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì fò. Ó lé ìyẹ́ náà yí ká ilé ní ìgbà méje, títí Jùwọ́n fi fìdí jókòó, tó ń mí helehele. Ní agogo mẹ́sàn-án, wọ́n fún Alága lóúnjẹ rẹ̀, gbogbo wọn sì wọlé, wọ́n ti fèrèsé.

Àṣé ọ̀rọ̀ Míìsì Judith kò ní àbùmọ́ rárá. Òru ọjọ́ náà, Alága ké débi pé ajá ilé kejì dá a lóhùn, àkùkọ sì kọ ní agogo kan. Ìdára fi ìrọ̀rí bo orí. Ìyá àgbà di igi ibùsùn rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Láti òdìkejì ọgbà ni Charity ti ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" bí igbe Alága ṣe ń ròkè.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ọkàn Ìyá àgbà ti domi. Ó ránṣẹ́ pe Wòlíì Adébọ̀wálé. Wòlíì dé pẹ̀lú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, agogo kékeré lọ́wọ́. Charity náà tẹ̀lé e wọlé, kò sẹ́ni tó pè é. Wòlíì ní kí wọ́n gbé ológbò náà wá. Ó di ojú, ó sì gbé ọwọ́ lé e nínú. Gbogbo wọn ń retí ìran.

Wòlíì la ojú. "Ẹ̀mí òkùnkùn kankan kò sí nínú ẹran yìí," ló wí. "Ẹja ló kún inú rẹ̀. Ta ló ń fún un ní ẹja tó báyìí?"

Ìdára tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ní alẹ́, Bàbá pe Jùwọ́n sí pálọ̀. "Mo rí i pé ò ń kọ nǹkan nípa ológbò yìí. Ṣé o ti rí ìdí rẹ̀?"

Ó rọrùn gan-an. Gbólóhùn kan péré ni. Ó ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá wọ jígí ojú rẹ̀, ó sì ń wò ó láti òkè rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ẹni tó fẹ́ jìyà.

"Rárá, Bàbá. Mi ò tíì rí nǹkan kan."

Bàbá húkọ́. "Ó dáa. Máa lọ sùn."

Òru Ọjọ́rú, igbe náà kúrú. Òru Ọjọ́bọ̀, Alága kọjá lábẹ́ fèrèsé Jùwọ́n, ó dúró, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Ìdára. Lẹ́nu ọ̀nà Ìyá àgbà, ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sùn. Jùwọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo márùn-ún fẹ́ lù, igbe ńlá kan ta ní apá iwájú ilé: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gé lójijì, bí rédíò tí wọ́n pa.

Jùwọ́n jókòó dìde. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ẹni kẹrin wà.

Ó yọ orúkọ àwọn ará ilé kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun, Ìdára, Ìyá àgbà: wọ́n ti jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá ló fẹ́ gbé ológbò fún Ambrose, kò sí ìdí láti kọ orúkọ rẹ̀ rárá. Ó ku Charity, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí iwájú ilé wọn. Bó ti dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń fún Alága ní nǹkan jẹ ní ìdájí?"

Charity gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Èmi?"

"Mo kàn ń bi yín ni, mà."

"Èmi Charity, kí n máa bọ́ àjẹ́ ilé yín? Èmi tí mi ò sùn láti oṣù tó kọjá? Jùwọ́n, ṣé ara rẹ yá? Tómi! Wá gbọ́ ohun tí ọmọ Alàgbà ń sọ!"

Jùwọ́n sá kúrò níbẹ̀ kí Tómi tó jáde.

Ó ku òru kan péré. Ó gbé Alága wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí fèrèsé nítorí ooru, ó sì gbé e lé àyà. Alága sùn. Òun náà sùn, ìyẹn gan-an ni kò yẹ kó ṣe. Nígbà tó jí, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fèrèsé ti ya láti òkè dé ilẹ̀, àyà rẹ̀ ti ṣófo, igbe sì ti ta ní iwájú ilé.

Ó sáré jáde. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ambrose ti dé, pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ léjìká, nítorí ó fẹ́ tètè lọ wo pàkúté rẹ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ nínú bùbá ìwọ̀sùn rẹ̀ tó ní àpò ńlá. Ìyá àgbà àti Ìdára ti jáde. Charity ti wà létí ọgbà tirẹ̀.

"Ó ké," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le tó bó ṣe yẹ. "Gbogbo yín gbọ́. Mo ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi. Ambrose, gbé e."

Ambrose bẹ̀rẹ̀, ó di Alága mú lábẹ́ apá, ó wọ̀n ọ́n wò. "Háà! Bàbá Jùwọ́n, kí lẹ fi ń bọ́ eléyìí?" Ó ṣí ẹnu àpò.

"Bàbá, ẹ dúró!"

Ohùn Jùwọ́n ló jáde, kí Jùwọ́n fúnra rẹ̀ tó mọ̀. "Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa ké. Ẹja ni mo ń fún un lóru kó lè dákẹ́. Ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ Ajé, mi ò sọ. Ẹ tún bi mí lọ́jọ́rú, mo parọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹnikẹ́ni níyà, èmi ni kẹ́ ẹ jẹ níyà. Alága ò mọ nǹkan kan, ohun tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe."

Ìdára wá sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi náà, Bàbá. Sàdíìnì."

Ìyá àgbà tún gèlè rẹ̀ wé. "Philemon, má wo àwọn ọmọ nìkan. Èmi náà wà níbẹ̀."

"Ìyá mi! Ẹ̀yin náà!"

Bàbá wá gbaná jẹ. Kò sí ìgbà tí wọ́n rí i tó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tó bá ń wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi. "Ẹni mẹ́ta! Nínú ilé kan ṣoṣo! Ẹ ń ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀, kálukú ń fi pa mọ́ fún ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ sì ń bàjẹ́ sí i lójoojúmọ́! Ká ní ẹ la ẹnu yín lọ́jọ́ tí mo béèrè ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni à bá fi yanjú rẹ̀! Ohun tí ènìyàn ò bá lè ṣe lójú gbogbo ará ilé rẹ̀, kí ló dé tó fi ń ṣe é? Ẹ sọ fún mi! Òtítọ́ nìkan ló..."

Nínú ọwọ́ Ambrose, Alága kọjú sí Bàbá. Ó ké, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹnu Bàbá ń bá ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti wọ inú àpò bùbá, ó ti tú ọ̀rá kékeré kan, ó sì ti na ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú.

Orí ẹja ni.

Nínú ilé náà, kò sẹ́lòmíràn tí í jẹ orí ẹja. Ti baálé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jùwọ́n, inú àwo Bàbá nìkan ni Ìyá àgbà ń bù ú sí, wọn kò sì rí orí ẹja kankan lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí.

Alága yọ kúrò lọ́wọ́ Ambrose bí omi, ó gba orí ẹja náà, ó sì jókòó tì í lẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni. Ambrose bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò rẹ̀, ó rọra ń ká a, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Charity létí ọgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Bàbá húkọ́.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó yá. "Ó di ẹni mẹ́rin."